Bẹ́líìtì kọ́ ló ń di kilt mú

Wọ́n ń pín in kiri pé bí kilt, ìyẹn aṣọ bíi síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin Skọ́tlándì máa ń wọ̀, bá ń yọ̀ wálẹ̀, kéèyàn ra bẹ́líìtì tó fẹ̀, kó sì fún un dáadáa. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni bẹ́líìtì jẹ́. Ọ̀já awọ tó ní irin ìdè ló ń di kilt àwọn ará Skọ́tlándì mú. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́: ọ̀kan lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún.

Ti òsì lẹ ó kọ́kọ́ dè. Inú ló wà. Ẹ ó tì í gba ojú ihò tóóró tí wọ́n gé sára aṣọ kó lè yọ síta, kẹ́ ẹ tó fi irin mú un. Ó wá kan ti òkè lápá ọ̀tún. Àwọn méjì yìí ló ń ṣiṣẹ́. Ìkẹta tó wà nísàlẹ̀, ní ìbàdí, kàn ń mú kí iwájú aṣọ tẹ́jú ni. Bẹ́ ẹ bá fún un jù, pílíìtì ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ náà léra, á yà.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú ni pé kilt kì í gbé ibi tí ṣòkòtò ń gbé. Ọ̀gangan ìdodo ni tiẹ̀, etí rẹ̀ á sì bọ́ sí orúnkún. Nọ́ńbà ṣòkòtò yín kò wúlò níbí o. Ẹ fi téèpù wọn ìdodo yíká.

Ẹ dán an wò: ẹ bọ́ bẹ́líìtì, ẹ de ọ̀já nìkan, ẹ rìn, ẹ jókòó, ẹ dìde. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, tí irin sì ti wà ní ihò tó gbẹ̀yìn, kilt náà ló tóbi. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ sún irin ìdè.