Èsì wa sí ẹni tó fún kọ́ọ̀sì ìròyìn wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo

Ẹ ṣeun tí ẹ wáyè kọ nípa wa. A ti ka gbogbo rẹ̀.

Ẹ ní ẹ̀rọ ló ń mákì níbí, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ ní ẹ san ₦35,000, a sì ní ẹ fìdí rẹmi láìsí àlàyé. Ká ní inú ímeèlì lẹ ti sọ ọ́ ni, à bá rọra yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbangba lẹ gbé e sí, níbi tí ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́la yóò ti kà á, nítorí náà gbangba la ó ti fèsì.

Ènìyàn méjì ló ka iṣẹ́ yín. Ẹni àkọ́kọ́ lo ọdún 22 nídìí iṣẹ́ ìròyìn kó tó wá bá wa. Ẹnì kejì ṣì ń ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò títí di òní. Nọ́ńbà ni wọ́n rí lórí iṣẹ́ náà, wọn ò rí orúkọ, ọ̀kan ò sì mọ ohun tí èkejì fún yín. Ọ̀kan fún yín ní 43, èkejì ní 45. 50 la fi ń yege. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju 10 lọ, èmi fúnra mi ni mo máa ń kà á ṣìkẹta. Méjì péré ni ìyàtọ̀ tiyín. Ẹ̀rọ tí ẹ ń pariwo yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó wò ó bóyá wọ́n jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kọ. Kò bá nǹkan kan lọ́wọ́ yín, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú èsì yín.

Èdè yín dùn. 13 nínú 15 lẹ gbà níbẹ̀, oníròyìn rédíò yẹn sì ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ka ìlà àkọ́kọ́ yín. Ètò ìròyìn àti bíbá gbèdéke mu, 20 nínú 35. Ibi tí omi ti wọ̀gbín lẹ́nu ni òkodoro òtítọ́: 8 nínú 30.

Omíyalé Ìbàdàn lẹ kọ ìròyìn lé lórí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò yín pé "Bí omi ṣe gbé mọ́tò lọ́sẹ̀ tó kọjá". Olùyẹ̀wò gbé fọ́tò náà sórí Google, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọ nínú ìròyìn omíyalé ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011. Mọ́tò tó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá yẹn, ẹni tó ni ín á ti tà á tipẹ́. Ẹ̀kọ́ kẹrin wa, fídíò ìṣẹ́jú 18, bí a ṣe ń wá ìpilẹ̀ fọ́tò nìkan ló dá lé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ wò níbẹ̀. Àwọn tó ń ka Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1859 ò ní ohun tí wọ́n lè fi yẹ irú èyí wò. Inú àpò ni àwọn tó máa ka tiyín ń gbé e kiri.

Ilé tó lé ní igba tí ẹ kọ pé ó wó ńkọ́? "Àwọn kan" ló kà á. Àwọn wo?

Gbígbọ́ tẹnu ìhà kejì ló ni 20 máàkì, 2 lẹ mú níbẹ̀. A kì í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Ilé la ti ń kọ́ ìyẹn, kò nílò kọ́ọ̀sì. Ẹ kọ pé "ìjọba kọ̀ láti fèsì". Àwòrán ojú fóònù tí ẹ fi kún iṣẹ́ yín fi hàn pé aago 10.05 alẹ́ lẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tó fi di aago 11.40, iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ méje ni òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Ẹ̀yin fún wọn ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35.

Ní ti pé kò sí àlàyé: ojú ewé kan àbọ̀ la fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ 14, oṣù karùn-ún. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an. Lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà wá dípò márùn-ún tí a ṣèlérí. Iná ni, àti ọmọ olùyẹ̀wò kan tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹ má bínú síyẹn. Ohun tí ẹ sọ nípa nọ́ńbà WhatsApp wa tí kì í dáhùn, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

A ò ní dá owó padà, ó wà nínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìròyìn kan náà kọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ò ní gba kọ́bọ̀. Olùyẹ̀wò kẹta tí kò gbọ́ nípa ìjà yìí ni yóò kà á. Bí ẹ bá yege, èmi ni máa san owó kọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e fún yín, máa sì fi dátà oṣù kan lé e. Ìyàwó mi ní àṣejù ni, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ ná.

A tún gbé àríwísí yín fún àwọn olùyẹ̀wò méjèèjì kí wọ́n mákì rẹ̀. Èdè, 14 nínú 15. Gbígbọ́ tẹnu ìhà kejì, òdo. Ẹ ò pè wá kí ẹ tó gbé e jáde.