Kernel tuntun wọlé, Wi-Fi mi jáde

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé Linux, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù mi bí Windows ṣe ń darí ti ẹlòmíì, kì í ṣe wàhálà, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, n'Ílọrin, kó máa dá kọ́sítọ́mà lóhùn.

Alẹ́ Sọ́ńdè ni mo ṣe update, ó sì gbé kernel tuntun wọlé, ìyẹn ọkàn Linux tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Iná wà, data mi sì máa kú lóru, mo ní kó má ṣòfò. Àárọ̀ Mọ́ńdè, n kò tíì gbálẹ̀ tán tí Alhaja kan fi wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Aago méjìlá ni fọ́ọ̀mù ọmọ náà máa tì. Mo tan láptọ́ọ̀pù, ó tàn yòò. Àmì Wi-Fi ni mi ò rí. Kì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí o. Ẹ̀rọ náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní Wi-Fi rí. Okùn fóònù tí ǹ bá sì fi fa data, ó ti já.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí o, mà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Òógùn ti bò mí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, ti pariwo ẹ̀ láti 2012 pé bí kernel tuntun bá ba áàpù tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́, ẹ̀bi kernel ni. Òótọ́ ni, LibreOffice tí mo fi ń kọ̀wé ṣí. Àmọ́ áàpù nìkan ni wọ́n ṣèlérí fún. Driver, ìyẹn kóòdù tó ń jẹ́ kí kernel lè lo nǹkan bíi Wi-Fi, tí kò bá sí nínú kóòdù tiwọn, kò bá wọn ṣàdéhùn kankan. Wọ́n lè tún inú ilé tò nígbàkigbà, kí ará ìta lọ wá ọgbọ́n dá. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tèmi rèé, Wi-Fi Broadcom ló wà nínú ẹ̀, driver rẹ̀ sì jẹ́ ará ìta pọ́ńbélé. Ètò kan tó ń jẹ́ DKMS ló yẹ kó tún driver náà ṣe kó bá kernel tuntun mu. Ó gbìyànjú, kò rí i ṣe, ó sì sọ ọ́ láàárín ìlà rẹpẹtẹ tó ń sáré kọjá. Mo ti sùn nígbà yẹn.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ní, "Ọ̀gá, ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Mo tún un tàn, mo di Shift mú bí ẹni di àgbò iléyá mú, títí mẹ́nù GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ máa fi tàn, fi yọ. Mo mú kernel àtijọ́. Wi-Fi jí. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tí fọ́ọ̀mù wọlé.

Àtìgbà náà ni mo ti fi àṣẹ apt-mark hold so kernel mọ́lẹ̀, kí update má bàa pààrọ̀ ẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àdúgbò Táíwò sọ pé ìwà òpè ni, pé ihò tí olè ń gbà wọlé ni kernel tuntun ń dí, bẹ́ẹ̀ NIN àwọn èèyàn kún orí ẹ̀rọ mi. N kò rí èsì fọ̀. Lánàá mo tẹ àṣẹ tó máa tú u sílẹ̀, mo wo àwọn mẹ́ta tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo pa á rẹ́.