Ẹ Jẹ́ Kí Tẹ́tẹ́ Sinmi Létí Àwọn Ọmọ Wa

Lọ́jọ́ Sátidé kan nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Kàbà, wọ́n fọn fèrè ìsinmi, ìpolówó tẹ́tẹ́ sì bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ru abọ́ ẹ̀pà sísè. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ó ń ka ọ̀rọ̀ ìpolówó náà síta kí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n tó sọ ọ́, kò sì ṣì í sọ níbì kankan. Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó padà sórí pápá, ìpolówó kan náà ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A bi í léèrè pé kí ni ìtumọ̀ ohun tó ń sọ. Ó ní òun ò mọ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èèyàn lówó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn la gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

A ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó polówó ọjà rẹ̀. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, kò sì sí ilé iṣẹ́ ìròyìn tí kì í jẹ nínú owó rẹ̀, tiwa náà kò yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kiri àgbàdo á ké "Láńgbé jíná o" kọjá lójúde, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí o ò bá rà, ọ̀rọ̀ tán. Ti tẹlifíṣọ̀n kì í lọ. Á jáde kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, á jáde láàárín ìròyìn, á tún jáde nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀, ohùn kan náà, orin kan náà.

Ẹ wo irú ọjà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń polówó iṣu lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó lọ ra iṣu ní Ìsánlú tàbí Mọ́pà á gbé e lọ́wọ́ wò, á fi èékánná ha á, á mọ̀ bóyá ó ti ń rà. Iṣu á jẹ́rìí ara rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo jù ni àwọn tí ọjà wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò lè fi ojú tàbí ọwọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀: ọṣẹ ìfọṣọ, kúùbù ìsebẹ̀, Indomie àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bíà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Obìnrin tó dúró níwájú ìsọ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi mú ọ̀kan nínú kúùbù mẹ́fà. Èyí tí etí rẹ̀ mọ̀ jù ni ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ bá. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Robert Zajonc, tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí lọ́dún 1968. Ó fi hàn pé bí nǹkan bá ṣe ń kọjá lójú wa lemọ́lemọ́ ni a ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i, kódà bí kò bá ní ìtumọ̀ kankan sí wa. Lọ́dún 1977, àwọn mìíràn rí i pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ máa ń dà bí òótọ́ létí rẹ̀ ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àsọtúnsọ ń kún àpò.

Ọ̀rọ̀ ìdíje náà tún wà níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ rẹ̀ á gba àyè rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè dá nìkan dákẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sìgá ní Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí òfin lé ìpolówó sìgá kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1971, àwọn onísìgá kò kógbá wọlé. Gbogbo wọn ló jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lára owó tí wọ́n ti ń dà sórí tẹlifíṣọ̀n sì kù sí wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òwò yóò kú bí a bá dín ìpolówó kù, kí ó lọ wo ibẹ̀.

Ti ọṣẹ àti kúùbù ṣeé fara dà. Ẹni tó ra ọṣẹ tí kò hó, kò ní rà á mọ́. Ti tẹ́tẹ́ ló ń dùn wá, nítorí òwò tó ń jẹ oníbàárà rẹ̀ run ni. Ọlọ́kadà tó fi owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ta tẹ́tẹ́, tó pàdánù rẹ̀, tó tún yáwó kún un, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní ní nǹkan kan tó máa ta mọ́. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí òwò má bàa dúró. Ìdí rèé tí ìpolówó wọn kò fi lè sinmi. Ẹni tó jẹ nìkan la sì ń rí nínú rẹ̀, tó ń fò, tó ń fún ìyá rẹ̀ lówó. Ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ èyíkéyìí láàárọ̀ Àìkú, ẹ ó rí ìwé tẹ́tẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ tí wọ́n sì jù sílẹ̀. Àwọn tó ni ìwé wọ̀nyẹn kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n láé.

Àgbo ọlọ́tí inú ike náà kò jìnnà sí èyí. Àkọlé máa ń wà lára ike òògùn ìbílẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́, nígbà tí wọ́n ń fi orin polówó agbára rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

A mọ ohun tí a ń béèrè. Lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ló láṣẹ láti ṣòfin lórí irú òwò bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà ti wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí ní Lọ́kọ́ja báyìí. Òótọ́ ni pé ìpolówó orí sátẹ́láìtì kọjá agbára ìjọba Kogí, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ilé tẹ́tẹ́ kò kọjá agbára rẹ̀. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi í sínú òfin pé ilé tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé ìwé, àti pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ àṣẹ ní Kogí kò gbọdọ̀ polówó lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú ìpínlẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Kí àwọn aṣojú wa láti Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Mọ́pà-Múrò gbé e kalẹ̀, kí Okun Development Association, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àwa ọmọ Okun, sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ní ti NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà, l'Ábújá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìpolówó nìkan ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò. Kí wọ́n ka iye ìgbà tí ìpolówó tẹ́tẹ́ tàbí ọtí kan ṣoṣo ń padà wá láàárín wákàtí kan, kí wọ́n sì fi òté lé e. Ítálì ti fòfin de ìpolówó tẹ́tẹ́ láti ọdún 2018. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onítẹ́tẹ́ fúnra wọn gbà lọ́dún 2019 pé àwọn kò ní polówó láàárín eré bọ́ọ̀lù tó bá bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Orílẹ̀-èdè tiwa náà fòfin de ìpolówó sìgá lọ́dún 2015. Kò sí ohun tí a ń béèrè níhìn-ín tí ẹnìkan kò tíì ṣe rí.

Ẹ̀yin onílé ìwòran, ẹ̀yin kò ní láti dúró de Lọ́kọ́ja. Bọ́tìnnì tó ń pa ohùn wà lára rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá fọn fèrè ìsinmi lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, títí tí bọ́ọ̀lù yóò fi bẹ̀rẹ̀ padà.