Ibà tí wọ́n ní ọ̀nà jíjìn kó bá ọmọ, ilé ló ti gbé e

Lẹ́yìn Iléyá àti lẹ́yìn Kérésì, mo ti mọ ohun tí n ó gbọ́ kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ìyá kan á gbé ọmọ wọlé, ojú ọmọ á ti pọ́n, ara rẹ̀ á máa jó bí iná. Kí n tó bèèrè ohunkóhun, á ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ọ̀nà ló kó bá a o. Èkó la lọ." Ìyá àgbà tó tẹ̀ lé wọn á mi orí: "Mo sọ fún wọn. Ọmọ kékeré kì í rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ ló di ibà sí i lára."

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìlọrin, kò sì sí ọdún kan tí n kò gbọ́ ọ. Mo mọ tọkọtaya tó fẹ́ràn ìrìn-àjò, tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn, wọn ò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Wọ́n ń dúró kí àbíkẹ́yìn gbó díẹ̀. Ìyẹn dùn mí, àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a bá ti di ẹ̀bi ru ọ̀nà tán, kò sẹ́ni tó máa ń padà wo ibi tí ẹ̀fọn wà.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ìyá ọmọ. Ìgbà wo lẹ gbéra? "Ọjọ́ Jímọ̀." Ìgbà wo lara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná? "Àárọ̀ Sọ́ńdè, a ò tíì sùn ju alẹ́ méjì lọ níbẹ̀." A ó gún ọmọ níka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín sójú tẹ́ẹ̀sì, a ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ìlà méjì bá yọ, ibà ẹ̀fọn ni lóòótọ́. Nígbà náà ni mo máa ń na ìka mi síta, kí èmi àti ìyá lè jọ ka ọjọ́ sẹ́yìn.

Kòkòrò ibà kì í mú ara gbóná lọ́jọ́ tó wọlé. Bí abo ẹ̀fọn tó ní i nínú bá jẹ ọmọ lóru, inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà máa ń forí lé. Ibẹ̀ ni yóò sá pamọ́ sí, tí yóò máa pọ̀ sí i, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ ń jẹun, ó ń sáré kiri, kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tí wọ́n bá tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́, lara tó ń gbóná. Irú èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní falciparum, ó kéré tán á gba ọjọ́ méje kó tó yọjú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ló wọ́pọ̀, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì.

Ẹ wá bá mi kà á. Ibà tó yọjú láàárọ̀ Sọ́ńdè yìí, ẹ̀fọn rẹ̀ ti jẹ ọmọ láti Sọ́ńdè tó kọjá, ó pẹ́ tán. Níbo lọmọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Ìlọrin. Mọ́tò tí wọ́n ń bú, kò tíì kúrò ní gáréèjì lọ́jọ́ tí ibà wọ ọmọ lára.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà kan tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ ẹrọ̀fọ̀ ló ń fà á. Orúkọ tí wọ́n ń pè é dòní, malaria, afẹ́fẹ́ burúkú nìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn ará Ítálì. Tiwọn ni afẹ́fẹ́, tiwa ni oòrùn àti àárẹ̀.

Èdè wa náà tún ń dá kún un. Ibà là ń pe àìsàn ẹ̀fọn, ibà náà là ń pe ara tó bá ṣáà ti gbóná. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n há sí ìjókòó ẹ̀yìn láàárín èèyàn mẹ́rin, láti Ìlọrin dé Ìbàdàn, nínú ooru, tí wọn ò fún lómi nítorí kó má bàa máa tọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó ní ibà ti dé. Ètè rẹ̀ gbẹ, omijé ò jáde tó bá ń sunkún, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Omi ló ń fẹ́, àti ibòji. Bí ẹ bá fún un lómi díẹ̀díẹ̀ tí ara rẹ̀ ò rọlẹ̀, ẹ gbé e lọ fún tẹ́ẹ̀sì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kó àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọlọ́dún mẹ́jọ, ọlọ́dún mẹ́rin àti olóṣù mẹ́rìnlá, a fi mọ́tò rìn láti Ìlọrin lọ sí Gánà. Nǹkan bí 300 kìlómítà ni Ìlọrin sí Èkó. Láti Èkó dé Accra tún ju 450 lọ. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin la fẹsẹ̀ kàn. A kì í rìn lóru, a sì ń dúró ní gbogbo wákàtí méjì. Lẹ́bàá Kútọnu, a wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n fi òpó gbé ró lórí ọ̀sà, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń tajà nínú ọkọ̀ kékeré. Ọlọ́dún mẹ́rin wo ilé títí, ó ní, "Mọ́mì, ibo làwọn ọmọ ibí ti ń gbá bọ́ọ̀lù?" Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, kò rí èsì fún un.

Alẹ́ kẹrin tí a kúrò nílé, ní Lomé, olú-ìlú Tógò, ara ọlọ́dún mẹ́rin yìí gbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ká yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá mi ń sunkún lórí fóònù: "Ṣebí mo sọ fún ọ? Ṣebí mo ní kí o jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí gbó?" Tẹ́ẹ̀sì wà nínú báàgì mi, oògùn ibà tó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu wà níbẹ̀. Ìlà méjì yọ. Mo fún un lóògùn pẹ̀lú mílíìkì, torí oògùn yẹn fẹ́ ọ̀rá díẹ̀ nínú ikùn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ó bèèrè búrẹ́dì. A lo ọjọ́ méjì sí i ní Lomé, a tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gba orí afárá olókùn kọjá nínú igbó Kakum ní Gánà, afárá tó gùn tó 350 mítà, tí àwọn igi ńlá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń fi ohùn rara pe orúkọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Mo ka ọjọ́ tèmi náà sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò, mo fọ néètì yàrá àwọn ọmọ, mo sá a síbòji. Iná lọ, ooru mú, n kò ta á padà fún alẹ́ mẹ́ta. Alẹ́ mẹ́ta yẹn ni.

Ohun tó sì jọ mí lójú nínú ẹkún màmá mi ni ẹni tó ń sun ún. Ọmọ Ọ̀fà ni wá, àmọ́ Tamale, ní òkè Gánà, ni wọ́n bí màmá mi sí. Àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìníṣà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń fi lọ́rí lọ síbẹ̀ ṣòwò tipẹ́tipẹ́, tìyàwó tọmọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni màmá mi, àbúrò wọn wà lẹ́yìn ìyá wọn, orí ẹrù nínú lọ́rí ni wọ́n jókòó sí dé Ọ̀fà. Ìyà ni, n kò sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rán wọn létí, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ìyá wa kì í jẹ́ kí omi tán nínú ike."

Nǹkan tó ń ṣe ọmọ léṣe lójú ọ̀nà wà, àárẹ̀ kọ́ ni. Gbígbé ọmọ lé itan níwájú ọkọ̀ wà lókè pátápátá. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, kò sí apá ìyá tó lè di ọmọ náà mú. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ wà, nínú ìjókòó tirẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Èébì ńkọ́? Ọmọ tí kò pé ọdún méjì kì í sábà bì nínú mọ́tò. Àwọn tó jù ú lọ ló ń ṣe, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán iwájú.

Ọ̀rọ̀ ààbò yàtọ̀ o. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ mi pé a ó lọ wo omi Òwu tó ń já láti òkè àpáta ní Ìfẹ́lódùn, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé lápá ibẹ̀ ni kò jẹ́ ká tíì lọ. Ẹni tó bá ní kí n má gba ọ̀nà kan nítorí wọn, mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n fún ibà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ibi tó ti ń wọlé. Ní Áfíríkà, nínú èèyàn mẹ́rin tí ibà ẹ̀fọn bá pa, bí mẹ́ta ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ ta néètì láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ sì ká òmíràn sínú ẹrù. Ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ wò, pàápàá ti ibà pọ́njú tí wọ́n ń gún fún ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, wọn á bèèrè rẹ̀ lẹ́nubodè. Bí ara ọmọ bá gbóná láàárín oṣù kan tí ẹ padà dé, ẹ má sọ pé ọ̀nà ti tán. Àsìkò tí ibà tí ẹ kó níbẹ̀ ń yọjú nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń gbé ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí ibà bá dé lọ́hùn-ún, ẹ tètè sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Ó lè má wá sí wọn lọ́kàn rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí màmá wa ní Ọ̀fà láti Èkó, ara èyí kékeré sì gbóná lọ́jọ́ kẹrin. Màmá pè mí. Wọ́n ní àwọn ti gbé e lọ fún tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti fún un lóògùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka ọjọ́ sókè lórí fóònù, láti orí kan dé orí mẹ́rin. Wọ́n wá ní, "Sọ fún ọkọ àbúrò rẹ tó wà ní Èkó kó lọ wo néètì yàrá àwọn ọmọ. Ó ti ya."