Ẹ wo eré n'Ìbàdàn kí ẹ tó ní ẹ ti rí ìlú náà

Bí àlejò bá dé Ìbàdàn, wọ́n á mú un gun Láyípo, wọ́n á dé Mápó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ àmàlà, ó parí. Kò burú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí kò tíì jókòó wo eré orí ìtàgé n'Ìbàdàn kò tíì rí ìlú náà.

Arts Theatre inú Yunifásítì Ìbàdàn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti gbé Lánkẹ́ Ọ̀mu, ìtàn Amos Tutùọlá, jáde lọ́dún 1963. Ẹ rò ó wò: eléré tó ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú wọ yunifásítì, àwọn ará School of Drama sì bá a ṣe é. Demas Nwoko ló ṣètò ojú ìtàgé àti aṣọ eré. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi, ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ó rí òógùn lójú òṣèré, ẹ ó gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ kó tó fọhùn. Bí gángan bá ké níbẹ̀, àyà ẹni ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣeré níbẹ̀, ẹ má fojú kéré wọn rárá.

Nwoko yìí kan náà ló yàwòrán ilé Cultural Centre tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá. Lọ́dún 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, fún iṣẹ́ ilé yíyà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ ní Mọ́kọ́lá? Ìgbéyàwó tàbí ìpàdé ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀. N kò bínú sí ìgbéyàwó, owó gbọ́dọ̀ wọlé. Àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ torí eré, ó yẹ kí eré máa wáyé nínú rẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kí ìjọba sì dá sí owó tí ẹgbẹ́ òṣèré fi ń gbà á. Bí wọ́n bá ń san iye tí onínàáwó ń san, ta ni yóò lè ṣeré níbẹ̀?

Ti Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó wà l'Adámásingbà nígbà kan rí, ń dùn mí. Ọdún 1961 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nínú ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan tẹ́lẹ̀. Ṣóyínká, Okigbo, Achebe àti J.P. Clark, gbogbo wọn ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Dúró Ládípọ̀ ṣeré níbẹ̀ kó tó lọ ṣí tirẹ̀ l'Òṣogbo lọ́dún 1962. Irú ibẹ̀ yẹ kó jẹ́ ibi tí à ń mú àlejò lọ bí a ṣe ń mú un lọ sí Mápó.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ béèrè eré tó ń lọ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ sanwó ìwọlé, ẹ má wá ọ̀fẹ́, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání.