Kíndìnrín Sasha Ti Bàjẹ́ Kó Tó Wọ Bààlúù

Ní September 17, 2022, olórí ìjọba Íńdíà, Narendra Modi, fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn àgò fáwọn cheetah, ẹranko bí ẹkùn tí eré sísá ẹ̀ ò láfiwé, tí wọ́n kó wá láti Nàmíbíà, mẹ́jọ ni wọ́n, torí pé láti 1952 ni wọ́n ti kéde pé ẹranko yìí ti tán ní Íńdíà. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni, ẹ mọ bí kámẹ́rà ṣe máa pọ̀ tó. Abo kan nínú wọn, Sasha, kú ní March 27, 2023 nínú ọgbà oníwáyà ní Kuno, igbó ọba tí wọ́n kó wọn sí ní Íńdíà. Kíndìnrín ló pa á.

Èyí tó ká wa lára ni pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fúnra wọn ló sọ ọ́: nígbà tí wọ́n gba ìwé ìtọ́jú ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàmíbíà ní August 15, oṣù kan kó tó wọ bààlúù, creatinine ti lé ní 400. Creatinine yìí, ìdọ̀tí tó ń jáde látara iṣan ni, kíndìnrín ló yẹ kó máa sẹ́ ẹ dànù sínú ìtọ̀, tó bá wá ń kún inú ẹ̀jẹ̀ báyẹn, asẹ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbé e? January ni wọ́n tó rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

A ò sọ pé gbogbo ikú kíndìnrín lọ́gbà ẹranko ló lẹ́bi o. Hsing-Hsing, panda tí China fún Amẹ́ríkà ní 1972, ti pé ọmọ ọdún 28 kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ tó fi sùn lọ ní Washington ní 1999, ọjọ́ ogbó ni ìyẹn, ta la fẹ́ bá jà? Ṣùgbọ́n ti cheetah yàtọ̀: àìsàn kíndìnrín wọ́pọ̀ gan-an lára èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò, àwọn tó wà nínú igbó ní Nàmíbíà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in, ìnira àhámọ́ àti oúnjẹ làwọn dókítà ẹranko sì ń fura sí. Ẹranko tó yẹ kó máa sáré lẹ tì mọ́lé.

Ohun tá à ń sọ ni pé ẹranko tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ti fi kíndìnrín sùn, kó má kúrò níbi tó wà. Kẹ́ni tó fẹ́ gbà á rí èsì yẹn kó tó buwọ́ lùwé, kó sì tún un yẹ̀ wò fúnra ẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ṣòro, ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko ló ti kọ́ kìnnìún àti ẹkùn láti na ìrù síta fún abẹ́rẹ́ láìlo oògùn oorun. Kí wọ́n sì gbé èsì ọ̀hún síta fáráyé kí bààlúù tó gbéra.