Ajá Tánganran Jeff Koons Tó Fọ́ ní Miami: Iṣẹ́ Ọnà Ni Àbí Nọ́ńbà?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Art Wynwood ní Miami, àlejò kan ṣèèṣì mú kí ère ajá tí Jeff Koons, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe bí ajá tí wọ́n fi bàlúùnù ká, ré bọ́ láti orí pẹpẹ rẹ̀. Ó fọ́ yángá. Tánganran ni, aláwọ̀ búlúù, ó ń dán débi pé èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. 42,000 dọ́là ni wọ́n fowó lé e. Pé ó fọ́ kọ́ ló dùn mí o. 799 péré ni wọ́n ṣe irú ẹ̀, ó wá di 798, aṣojú gálárì tó ń tà á sì ní ìyẹn dára fún àwọn tó ní ìyókù lọ́wọ́! Ẹnì kan tún ní òun fẹ́ ra àfọ́kù rẹ̀. Èmi ò rí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n ń tà. Ẹ má sì gbàgbé pé ọjà ni Koons ń bá àwọn èèyàn tà ní Wall Street, ojúkò ọjà ìdókòwò ní New York, kí orúkọ rẹ̀ tó kàn.

Túndé Ìbàdàn: Àdùkẹ́, o yára dájọ́ jù. Ajá onírin ńlá tí kì í dógùn-ún, tí ti tánganran yìí jẹ́ ọmọ rẹ̀, márùn-ún péré ni Koons ṣe, àwọ̀ kálukú yàtọ̀, gíga rẹ̀ sì ju mítà mẹ́ta lọ. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ọsàn lọ ní 58.4 mílíọ̀nù dọ́là ní gbàǹjo Christie's ní New York lọ́dún 2013. Ta ló fẹ́ rà á láàárín wa? Ti tánganran tí gíga rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà lọ ni dókítà tàbí oníṣòwò tó rí jájẹ lè gbé sílé. Owó ńlá ṣì ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ 799 yẹn fẹjú ọ̀nà ni, kò dí i.

Ṣebí ohun tí Pop art, irú iṣẹ́ ọnà tí Koons ń ṣe yìí, dá lé náà nìyẹn, pé kí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ di ohun à-ń-wò? Látìgbà tí Andy Warhol, oníṣẹ́ ọnà Pop art, ti pàtẹ àwòrán agolo ọbẹ̀ 32 lọ́dún 1962 ni wọ́n ti ń bi àwọn èèyàn yìí ní ìbéèrè tó o bi yìí.

Ọmọ Alámọ̀: Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ ò sọ̀rọ̀ amọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń fi amọ̀ jẹun sọ tèmi.

Koons kọ́ ló da ajá yẹn. Iléeṣẹ́ Bernardaud ló ṣe é fún un, ní Limoges, nílẹ̀ Faransé. Ọdún 1863 ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Amọ̀ funfun tí wọ́n rí ní Saint-Yrieix, ìtòsí Limoges, ní nǹkan bí ọdún 1768 ló sì sọ agbègbè yẹn di ilé tánganran.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ kàn ń tẹ̀ ẹ́ jáde, kò tíì da amọ̀ rí. Mọ́ọ̀dì POP la máa ń lò, irú POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. A ó da amọ̀ olómi tó ki bí ẹ̀kọ mímu sínú rẹ̀, a ó sì dúró. POP á máa fa omi, amọ̀ á máa le mọ́ ara rẹ̀. Tó bá ti nípọn tó, a ó da èyí tó ṣì ń ṣàn nínú jáde, inú ère á wá ṣófo. Tí ẹ bá tètè dà á jù, ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á wó nínú iná. Tí ẹ bá pẹ́ jù, á wúwo, á sán. Ère tó bá ní oríkèé báyìí, ṣe la máa ń da ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ká fi amọ̀ olómi kan náà lẹ̀ wọ́n pọ̀, ká wá fi kànìnkànìn tútù pa ojú ibi tá a lẹ̀ rẹ́ títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ ọ́n.

Iná ńkọ́? Ìkòkò tá à ń fi koríko àti igi sun nílé, iná rẹ̀ kì í sábà ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tánganran Limoges máa ń dé nǹkan bí 1,400. Ní ibi tí iná dé yẹn, amọ̀ máa ń rọ̀, ó sì máa ń sún kì. Ẹ wá fojú inú wo ajá tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, tí gbogbo ara rẹ̀ rí róbótó, tí ìrù rẹ̀ nà sókè, nínú iná tó ń mú un rọ̀. Kó jáde láìtẹ̀, láìwọ́, kí awọ tó ń dán yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn láìní àbàwọ́n kan. Nígbà 799! Àdùkẹ́, nọ́ńbà tó ò ń bínú sí yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló wà nídìí ẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti là mí lóye nípa iṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbè mí lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Tí ọwọ́ àwọn ará Limoges bá ló ṣe gbogbo èyí, kí ló dé tó jẹ́ orúkọ Koons la mọ̀?

Agbẹjọ́rò Èkó: Ìbéèrè yẹn gan-an ni kóòtù ti ń bá a fà láti ọjọ́ yìí. Lọ́dún 1992, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan ní New York dá a lẹ́bi pé ó fi fọ́tò Art Rogers, ti tọkọtaya kan tó gbé àwọn ọmọ ajá dání, ṣe ère láìgbàṣẹ. Ère onítánganran rẹ̀ kan, Fait d'hiver ti ọdún 1988, ẹlẹ́dẹ̀ àti obìnrin tó sùn sínú yìnyín, kóòtù Paris náà ní ìpolówó aṣọ Naf Naf tí Franck Davidovici ṣe ló wò ṣe é. Ọdún 2018 ni wọ́n dá a, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2021.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú. Nígbà tí ilé ìtajà Park Life ní San Francisco ń ta ajá bàlúùnù tí wọ́n fi ń gbé ìwé dúró, àwọn agbẹjọ́rò Koons kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jáwọ́. Ajá tí àwọn aláwàdà ń fi bàlúùnù ká fún ọmọdé níbi ọjọ́ìbí! Park Life gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, ọdún 2011 náà ni Koons sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń mú ti ẹlòmíì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọgbà yí ohun tí gbogbo ọmọdé ní ká.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun tó ń ṣe èèyàn téèyàn bá dúró síwájú iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2019, mo kó àwọn ọmọ mi lọ wo ìpàtẹ rẹ̀ ní Ashmolean, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Oxford. Ehoro onírin rẹ̀ ti ọdún 1986 wà níbẹ̀. Ó wà lára àwọn iṣẹ́ tí àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀. Ara wọn ni wọ́n ń wò nínú ikùn rẹ̀: orí wọn kéré, ọwọ́ wọn gùn, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n pe bàbá àgbàlagbà tí a ò mọ̀ rí pé kó wá wo tirẹ̀. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àwòrán ọba tó ti kú. Èrò tó mú kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, Koons ló rò ó. Iṣẹ́ nìyẹn náà.

Túndé Ìbàdàn: Ẹ ṣé, mà. Àwa Yorùbá gan-an kò ní ká máa sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tó wà ní British Museum báyìí, ó ní ọmọṣẹ́ tó ń bá a ṣe é. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ náà la ń pè.

Ọmọ Alámọ̀: Àbúrò, ìyẹn ò jọra. Ọlọ́wẹ̀ di àáké mú. Tí ọmọṣẹ́ bá ṣi igi gé, ọ̀gá mọ bó ṣe máa tún un ṣe torí pé òun náà ti gbẹ́ ẹ rí. Ọmọṣẹ́ á sì gba òmìnira lọ́jọ́ kan, á lọ máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó ń da amọ̀ ní Limoges ò retí ọjọ́ yẹn. Mi ò ní kí wọ́n gba ajá lọ́wọ́ Koons o. Òun ló ronú kàn án, ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn ò ṣeé já ní koro. Ohun tí mò ń bèèrè ò ju pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dà á, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó sun ún sínú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń kó fún ẹni tó bá rà á. Ìwé ọ̀hún wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i.

Àdùkẹ́: Èyí ni mo fara mọ́ jù lọ látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì yí ohùn padà lórí 798 yẹn ṣá. Ẹni tó ń yọ̀ pé ère fọ́ torí pé tirẹ̀ á gbówó lórí, kò fẹ́ràn ère.

Agbẹjọ́rò Èkó: Nígbà tó fọ́, wọ́n kó àfọ́kù yẹn sínú àpótí kí àwọn adójútòfò lè pinnu bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Tí wọ́n bá wá tà á, mo fẹ́ mọ orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sára àpótí náà.